Láti Ìsọlọ̀ dé Etí Òkun: Bar Beach Tó Ti Lọ àti Iṣẹ́ Tó Kù fún Olùkọ́ Yorùbá

Ìfáàrà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ojú tó ti rí òkun kò ní rí ọ̀sà kó bẹ̀rù. Kò sí olùkọ́ Yorùbá tí kò tíì lo òwe yìí rí, yálà nínú kíláàsì tàbí níbi ìpàdé ẹbí. Ìbéèrè tí mo fẹ́ kí á jọ yẹ̀ wò ni pé: mélòó nínú àwọn ọmọ tí a ń kọ́ lówe yìí ni ojú wọn ti rí òkun ní tòótọ́? Kì í ṣe Èkìtì tàbí Ọ̀yọ́ ni mò ń bá wí. Ìpínlẹ̀ Èkó ni mò ń bá wí, ìpínlẹ̀ tí òkun jẹ́ ààlà gúúsù rẹ̀ láti Bàdágìrì títí dé Ìbẹ̀jú-Lẹ́kí. Òṣòdì àti Ìsọlọ̀ tí mo ń gbé kò jìnnà sí òkun. Bí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ọkọ̀ kò bá sí, ẹni tó bá wọ ọkọ̀ ní Òṣòdì lè dé Victoria Island láàárín wákàtí kan. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ọmọ ló wà ládùúgbò wa tí wọ́n ti parí ilé-ẹ̀kọ́ girama láìfi ẹsẹ̀ kan iyanrìn etí òkun rí.

Kò rí bẹ́ẹ̀ nígbà tiwa. Nínú àpilẹ̀kọ yìí, mo fẹ́ sọ bí ó ṣe rí nígbà náà, ohun tó mú un yí padà, àti ìdí tí mo fi gbà pé ọ̀rọ̀ náà kan àwa olùkọ́ èdè àti àṣà. Kì í ṣe iṣẹ́ ìwádìí ni mo gbé kalẹ̀. Ohun tí mo rí àti ohun tí gbogbo ayé mọ̀ ni mo pa pọ̀.

Ọjọ́ Òkun

Ní ìparí àwọn ọdún 1970, nígbà tí mo wà ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ìsọlọ̀, ọjọ́ mẹ́ta ni à ń pè ní ọjọ́ òkun nínú ọdún: ọjọ́ kejì Kérésìmesì, Mọ́ńdè ọdún Àjíǹde, àti ọjọ́ kejì Iléyá. Mùsùlùmí ni bàbá mi, ọmọ ìjọ Aládùúrà sì ni ìyá mi, nítorí náà kò sí ọdún tó ń yẹ̀ wá nínú ilé. Láti òru ni ìyá mi yóò ti máa dín ẹja àti àkàrà. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, a ó ti wẹ̀, a ó ti wọ aṣọ ọdún, a ó sì ti kó aṣọ tí a ó fi wọ omi sínú báàgì.

Dánfó ló máa ń gbé wa dé Òṣòdì. Òṣòdì ọjọ́ ọdún yàtọ̀ sí ti ọjọ́ iṣẹ́. Ní ọjọ́ iṣẹ́, oníkálukú ní ibi tó ń lọ. Ní ọjọ́ ọdún, ó dà bí ẹni pé ibì kan ṣoṣo ni gbogbo èrò dojú kọ. Àwọn kọ̀ndọ́kítọ̀ kò ní í pe Yábàá tàbí Ìdúmọ̀tà mọ́. Ohun tí wọ́n ń ké ni “Bar Beach! Bar Beach tààrà!” bó tilẹ̀ jẹ́ pé CMS ni mólúè náà ń lọ, tí a ó sì tún wọ ọkọ̀ mìíràn níbẹ̀. A ó gba ọ̀nà Ìkòròdú, a ó kọjá Ojúẹlẹ́gbà, a ó bọ́ sí Western Avenue, a ó sì gun orí afárá Èkó.

Orí afárá yìí ni mo ti kọ́ ẹ̀kọ́ èdè àkọ́kọ́ tí n kò gbàgbé. Bí àwa ọmọdé bá ti rí omi nísàlẹ̀, a ó bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo pé, “Òkun rèé! Òkun rèé!” Bàbá mi yóò sì dá wa lóhùn láìgbé orí sókè pé, “Ọ̀sà nìyẹn. Ẹ ò tíì rí nǹkan kan.” Lọ́dọọdún ni a ń pariwo, lọ́dọọdún ni ó ń dá wa lóhùn. Nígbà tí mo dé ilé-ẹ̀kọ́ gíga, tí olùkọ́ wa ń ṣàlàyé ìyàtọ̀ tó wà láàárín òkun, ọ̀sà, odò àti adágún, kò sí ohun tó ṣòro fún mi nínú rẹ̀. Mo ti mọ̀ pé ọ̀sà a máa dákẹ́, pé a máa ń rí òdìkejì rẹ̀, pé ọkọ̀ ojú omi kékeré lè gbà á kọjá. Òkun ní tirẹ̀, a máa ń gbọ́ ohùn rẹ̀ kí a tó rí i.

Bí a bá ti sọ̀ kalẹ̀ ní Ahmadu Bello Way, ariwo náà ni yóò kọ́kọ́ pàdé wa, lẹ́yìn náà òórùn iyọ̀, lẹ́yìn náà ni omi yóò yọ láàárín àwọn igi àgbọn. Èrò á pọ̀ bí eéṣú. Àwọn àtíbàbà imọ̀ ọ̀pẹ wà níbẹ̀ fún ẹni tó bá lówó láti yá wọn; àwa máa ń tẹ́ ẹní tiwa. Àwọn ọmọ Hausa ń fi ẹṣin gbé ènìyàn ká etí omi, àwọn ayàwòrán ń pe ènìyàn wá ya fọ́tò tí yóò jáde lójú ẹsẹ̀, àwọn obìnrin ń ta gúgúrú àti ẹ̀pà, ọsàn bíbó, ẹja díndín àti àgbọn. Òfin kan ṣoṣo ni ìyá mi ṣe: ọmọ kankan kò gbọdọ̀ wọ omi kọjá orúnkún rẹ̀. Ìborùn rẹ̀ ló fi ń so àbúrò wa tó kéré jù mọ́ ọwọ́ ara rẹ̀. A rò nígbà náà pé ó ń dí wa lọ́wọ́ ìgbádùn. Ṣùgbọ́n òun mọ ohun tí àwa kò mọ̀, nítorí pé kò sí ọdún tí a kì í gbọ́ pé òkun gbé ọmọ ẹnì kan lọ.

Bí a bá ń padà bọ̀, iyọ̀ yóò ti gbẹ sí wa létè, iyanrìn yóò ti wọ inú etí wa. Ìyá mi yóò sì gbé kẹ́ẹ̀gì omi òkun kan dání. Àwọn ará àdúgbò tí wọn kò rí ọ̀nà lọ yóò ti máa retí rẹ̀ ní Ìsọlọ̀. Ẹni tí ara ń yún ọmọ rẹ̀ yóò gba ife kan, ẹni tó fẹ́ fi gbàdúrà yóò gba ife kan. Bẹ́ẹ̀ ni òkun ṣe ń dé ọ̀dọ̀ ẹni tí kò lè dé ọ̀dọ̀ òkun. Ohun tí mo fẹ́ kí òǹkàwé fi sọ́kàn ni pé owó ọkọ̀ nìkan ni bàbá mi ń san. Kò sí géètì, kò sí tíkẹ́ẹ̀tì, kò sí ẹni tó ń bi wá pé ta ló ni wá.

Orúkọ Náà àti Ilẹ̀ Náà

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló rò pé ilé ọtí ni “bar” inú orúkọ Bar Beach. Kò rí bẹ́ẹ̀. Òkìtì iyanrìn abẹ́ omi ni àwọn awakọ̀ ojú omi ń pè bẹ́ẹ̀, èyí tó máa ń kóra jọ sí ẹnu ibi tí ọ̀sà ti ń wọ inú òkun. Òkìtì yìí ló sọ ẹnu ọ̀nà Èkó di ibi ẹ̀rù láyé àtijọ́. Àwọn ọkọ̀ òkun ńlá kò lè gba orí rẹ̀ kọjá. Inú òkun ni wọ́n ń dúró sí, tí ọkọ̀ kéékèèké yóò máa kó èrò àti ẹrù wọn wọlé.

Láti tún ọ̀nà yìí ṣe, ìjọba amúnisìn kọ́ ògiri òkúta wọ inú òkun ní ọ̀tún àti ní òsì ẹnu ọ̀nà náà láàárín ọdún 1908 sí 1912. Ọ̀nà là, ọkọ̀ ńlá wọlé, èbúté Èkó sì di ohun tó dà. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tó ń ṣẹlẹ̀ lábẹ́ omi. Ní etíkun wa, ìgbì a máa ti iyanrìn láti ìwọ̀-oòrùn lọ sí ìlà-oòrùn ní gbogbo ọjọ́ ayé. Iyanrìn tí òkun bá kó kúrò níbì kan lónìí, iyanrìn mìíràn láti ìwọ̀-oòrùn yóò wá dí i. Nígbà tí ògiri òkúta dábùú ọ̀nà, iyanrìn kò rí ibi gbà mọ́. Ó ń kóra jọ sí apá ìwọ̀-oòrùn, níbi tí etí òkun ti ń fẹ̀ sí i lọ́dọọdún. Ní apá ìlà-oòrùn, níbi tí Bar Beach wà, òkun ń kó, kò sì sí ohun tó ń dí i. Láàárín nǹkan bí àádọ́ta ọdún, òkun ti jẹ ilẹ̀ tó bí kìlómítà kan níbẹ̀. Láti ìparí àwọn ọdún 1950 ni ìjọba ti ń da iyanrìn síbẹ̀ léraléra, tí òkun sì ń kó o lọ. Nítorí náà, Bar Beach tí a ń ṣeré lórí rẹ̀ nígbà èwe wa kì í ṣe ilẹ̀ tó dúró. Iyanrìn tí wọ́n ra àkókò fún ni.

Ilẹ̀ Victoria Island fúnra rẹ̀ ní ìtàn tirẹ̀. Ilẹ̀ àwọn ará Ìrù ni, àwọn tí ọba wọn ń jẹ́ Oníru. Àwọn apẹja àti àgbẹ̀ ló ń gbé ibẹ̀ kí ìjọba amúnisìn tó gba ilẹ̀ náà ní nǹkan bí ọdún 1948, tí wọ́n sì kó wọn lọ sí Màrókò. Wọ́n fi iyanrìn dí àbàtà, wọ́n la títì, wọ́n kọ́ ilé fún àwọn òṣìṣẹ́ àgbà, àwọn aṣojú ilẹ̀ òkèèrè àti àwọn ọlọ́rọ̀. Nígbà tí wọ́n dí àbàtà apá ìlà-oòrùn, erékùṣù náà lẹ̀ mọ́ ilẹ̀ Lẹ́kí, tó fi jẹ́ pé orúkọ nìkan ló fi jẹ́ erékùṣù mọ́. Màrókò ńkọ́? Ní oṣù keje ọdún 1990, ìjọba ológun Ìpínlẹ̀ Èkó lábẹ́ Raji Rasaki wó o palẹ̀. Àwọn tó ṣírò rẹ̀ ní nǹkan bí 300,000 ènìyàn ni kò nílé mọ́. Bí a bá wo ìtàn yìí dáadáa, a ó rí i pé nínú gbogbo àyípadà náà, iyanrìn etí omi nìkan ló ṣì jẹ́ ti gbogbo ènìyàn fún ìgbà pípẹ́.

Àdúrà àti Ìbọn

Kì í ṣe eré nìkan ni a ń lọ ṣe ní Bar Beach. Láti ọjọ́ Mọ́ńdè títí dé Sátidé tí kì í ṣe ọjọ́ ọdún, àwọn ọmọ ìjọ Kérúbù àti Séráfù àti ti Sẹ̀lẹ́ máa ń wà níbẹ̀ nínú aṣọ funfun wọn, pẹ̀lú àbẹ́là, agogo àti èso. Ìyá mi a máa lọ nígbà mìíràn, a sì máa tẹ̀lé e. Àwọn mìíràn wà tí wọ́n ń wá bọ Ọlọ́kun. Mo rántí pé kò sí ìjà láàárín wọn. Oníkálukú gbẹ́ ihò tirẹ̀ sínú iyanrìn, ó kó ohun tirẹ̀ sí i, ó sì dojú kọ omi.

Etí omi yìí kan náà ni ìjọba ológun ti ń yìnbọn pa àwọn adigunjalè ní gbangba láti ọdún 1971, lẹ́yìn òfin tí wọ́n gbé jáde lẹ́yìn ogun abẹ́lé. Ní ọjọ́ 8, oṣù kẹsàn-án ọdún náà ni wọ́n pa Ishola Oyenusi tí òkìkí rẹ̀ kàn jákèjádò ilẹ̀ wa. Bàbá mi sọ fún wa pé èrò tó lọ wòran lọ́jọ́ náà pọ̀ ju èrò ọjọ́ ọdún lọ. Ó fi kún un pé òun kò lọ, àti pé ìgbà tó pẹ́ díẹ̀ kó tó lè kó wa lọ síbẹ̀ láti lọ ṣeré. Mo mẹ́nu ba èyí kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé mò ń fi oyin sí àtijọ́ lẹ́nu. Etí òkun náà gba gbogbo ohun tí ìlú jẹ́, rere àti búburú.

Bí Etí Òkun Ṣe Bọ́ Lọ́wọ́ Wa

Ní ọdún 2005 àti 2006, òkun ya wọ Ahmadu Bello Way. Omi bo títì, ọ̀nà dí, àwọn ilé iṣẹ́ tó wà níbẹ̀ wà nínú ewu. Ìjọba gbé iṣẹ́ ògiri ìdáàbòbò síta, láti inú iṣẹ́ yìí ni èrò ìlú tuntun Eko Atlantic ti jáde. Wọ́n pinnu láti gba ilẹ̀ tí òkun ti jẹ padà, kí wọ́n sì kọ́ ìlú sórí rẹ̀. Ilẹ̀ náà tó mílíọ̀nù mẹ́wàá mítà níbùú lóròó, ògiri kọnkéré tí wọ́n gbèrò láti fi dáàbò bò ó sì gùn tó kìlómítà mẹ́jọ àbọ̀. Ní oṣù kejì ọdún 2013, Ààrẹ Goodluck Jonathan àti Bill Clinton, ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà kan rí, wà níbi ayẹyẹ ìyàsímímọ́ rẹ̀. Ibi tí a ti ń tẹ́ ẹní wa wà lábẹ́ ilẹ̀ náà báyìí.

Ó yẹ kí á ṣe òtítọ́ sí ọ̀rọ̀ náà. Bí kò bá sí ògiri yẹn, ó ṣeé ṣe kí omi ti gba púpọ̀ nínú Victoria Island. Ohun tí òkun ń ṣe kì í ṣe àwàdà. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2012, ìgbì ya lu etíkun Kúrámọ̀ ní òru, ó kó ilé pákó lọ, ó sì gba ẹ̀mí àwọn tó ń sùn níbẹ̀. Ìjọba lé àwọn tó kù kúrò. N kò bá ẹnikẹ́ni jà nítorí pé ó kọ́ ògiri. Ohun tí mo ń béèrè ni pé, nígbà tí a ń kọ́ ògiri, ta ló ronú nípa ọmọ Ìsọlọ̀ tó ń wọ mólúè wá ní ọjọ́ ọdún?

Àwọn etí òkun tó kù ní apá Oníru àti Ẹlẹ́gúṣì di ibi tí a ń san owó ẹnu ọ̀nà kí a tó wọlé. Ní ọdún 2024, nígbà tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lórí ọ̀nà etíkun tí yóò lọ láti Èkó dé Calabar, wọ́n wó lára etí òkun Landmark tí àwọn èwe ń lọ. Tarkwa Bay ṣì wà, omi rẹ̀ sì dákẹ́ nítorí pé inú ààbò ògiri òkúta àtijọ́ ló wà. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ ojú omi ni a ó wọ̀ débẹ̀. Ẹ jẹ́ kí á ṣírò rẹ̀ fún bàbá ọlọ́mọ mẹ́rin tó ń ta ọjà ní Òṣòdì: owó ọkọ̀ láti Ìsọlọ̀, owó ọkọ̀ láti Òṣòdì, owó ẹnu ọ̀nà fún ènìyàn mẹ́fà, oúnjẹ, àti owó àbọ̀. Kò yani lẹ́nu bí ó bá ní kí àwọn ọmọ náà jókòó sílé wo tẹlifíṣọ̀n.

Omi Ti Ìsọlọ̀

Ẹnì kan lè sọ pé, kí ló kan Ìsọlọ̀ pẹ̀lú òkun? Ó kàn án. Ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 27, oṣù kìn-ín-ní ọdún 2002, àgbá àti ìbọn inú bárékè ológun tó wà ní Ìkẹjà bẹ̀rẹ̀ sí í bú gbàmù. Ìsọlọ̀ ni mo wà. Ilẹ̀ ń mì, fèrèsé ń fọ́, kò sì sí ẹni tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í sá láti Ìkẹjà àti Òṣòdì bọ̀ ní apá ọ̀dọ̀ wa, òkùnkùn sì ṣú. Nígbà tí wọ́n dé kànáàlì Òkè-Afá, koríko ojú omi ti bò ó, ó sì dà bí ilẹ̀ lójú ẹni tí kò mọ ibẹ̀. Wọ́n já sínú rẹ̀, àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn sì já lé wọn lórí. Àwọn tó kú ní ìlú Èkó ní alẹ́ ọjọ́ náà lé ní ẹgbẹ̀rún kan, inú omi Òkè-Afá yìí ni ọ̀pọ̀ nínú wọn kú sí, ọmọdé ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn. Àwa tí a jẹ́ olùkọ́ ní agbègbè náà mọ bí ó ti rí láti pe orúkọ nínú ìwé ìforúkọsílẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, kí a má rí ẹni dáhùn.

Òwe kan wà tí àwọn òbí wa máa ń pa bí a bá ní a fẹ́ kọ́ bí a ti ń lúwẹ̀ẹ́: “Òmùwẹ̀ ní í bómi lọ.” Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ẹni tó bá gbójú lé ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe ni ohun náà máa ń pa. Òtítọ́ wà nínú òwe yìí gẹ́gẹ́ bí ìkìlọ̀ fún agbéraga. Ṣùgbọ́n a ti sọ ọ́ di àwáwí tí a fi ń ká àwọn ọmọ wa lọ́wọ́ kò. Àwọn tó bómi lọ ní Òkè-Afá kì í ṣe òmùwẹ̀. N kò sọ pé ìwẹ̀ nìkan ni ì bá gba gbogbo wọn là nínú òkùnkùn àti ìkójọpọ̀ yẹn. Ohun tí mo ń sọ ni pé ìlú tí omi yí ká, tí kò kọ́ ọmọ rẹ̀ ní ìwà omi, ń fi ọmọ náà ta tẹ́tẹ́ ni.

Ìwà omi yìí ní ẹ̀kọ́ tí kò ṣòro. Ní etíkun wa, ìgbì ńlá máa ń ti omi púpọ̀ wá sórí iyanrìn, omi náà sì gbọ́dọ̀ padà sínú òkun. Ọ̀nà tóóró kan ló sábà máa ń gbà padà, pẹ̀lú agbára. Ojú ibẹ̀ lè dákẹ́ ju àyíká rẹ̀ lọ, èyí sì ni ó ń tan ọmọdé jẹ. Ẹni tí omi yìí bá gbé, tó bá ń bá a jìjàkadì láti padà tààrà sí èbúté, yóò rẹ̀ kí ó tó débẹ̀. Ohun tó yẹ kí ó ṣe ni kí ó má fòyà, kí ó lúwẹ̀ẹ́ lọ sí ẹ̀gbẹ́, ní ìbámu pẹ̀lú etí omi, títí yóò fi bọ́ kúrò nínú ọ̀nà tóóró náà, kí ó tó yí padà sí ilẹ̀. Bí kò bá lè lúwẹ̀ẹ́, kí ó gbìyànjú láti léfòó, kí ó sì nawọ́ sókè. Ẹ̀kọ́ yìí kò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ nínú kíláàsì, a sì lè fi Yorùbá kọ́ ọ láìsí ìṣòro.

Nínú Kíláàsì

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, mo lọ ṣe àbójútó akẹ́kọ̀ọ́ wa kan tó ń ṣe ìdánrawò ìkọ́ni ní ilé-ẹ̀kọ́ kan ládùúgbò wa. Àròkọ tó fún àwọn ọmọ ni “Ọjọ́ Kan ní Etí Òkun.” Nígbà tí mo yẹ ìwé wọn wò, mo rí omi aláwọ̀ búlúù, àwọn òyìnbó tó sùn sínú oòrùn, àti agboòrùn alárànbarà. Inú tẹlifíṣọ̀n ni wọ́n ti rí gbogbo rẹ̀. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ló kọ tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ó ní òun kò rí òkun rí, ṣùgbọ́n òun mọ kànáàlì. Ó sì kọ ojú ìwé méjì nípa bí omi ṣe ń wọ ilé wọn nígbà òjò, àti bí ìyá àgbà rẹ̀ ṣe sọ fún un pé òkun kò ní òdìkejì.

Akẹ́kọ̀ọ́ wa fún un ní máàkì mẹ́ta nínú mẹ́wàá. Mo bi í léèrè ìdí rẹ̀.

“Ẹ jọ̀ọ́ mà,” ni ó wí, “kò kọ ohun tí mo béèrè. Ó kúrò lórí kókó ọ̀rọ̀.”

“Ọmọ mi,” ni mo dá a lóhùn, “nínú gbogbo wọn, ta ló kọ òtítọ́?”

Ó rò ó títí. Lẹ́yìn náà ó ní, “Òun náà ni mà. Ṣùgbọ́n bí mo bá fún un ní máàkì, kí ni mo fẹ́ sọ fún àwọn tó kù?”

Ìbéèrè rẹ̀ mọ́gbọ́n wá, n kò sì gbàgbé rẹ̀. Kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀. Inú ìwé ni ó ti mú orí ọ̀rọ̀ náà, ìwé náà sì gbà pé ọmọ Èkó mọ òkun. Nígbà tí mo bi òun fúnra rẹ̀ bóyá ó ti dé etí òkun rí, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní ẹ̀ẹ̀kan péré ni, nígbà tí ẹnì kan ṣe ọjọ́ ìbí.

Èyí ló mú mi dá àbá wọ̀nyí fún ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́. Èkíní, kí á máa kọ́ àwọn ọ̀rọ̀ tó jẹ mọ́ omi láti orí omi tí ọmọ náà mọ̀. Ọmọ Ìsọlọ̀ mọ kànáàlì àti àgbàrá. Kí á ti ibẹ̀ lọ sí odò, kí á ti odò lọ sí ọ̀sà, kí á ti ọ̀sà lọ sí òkun. Orí afárá kan ṣoṣo tó fún bàbá mi láti kọ́ wa ní ìyàtọ̀ méjì. Ìrìnàjò kan láti Òṣòdì sí Èkó lè ṣe ju ojú ìwé mẹ́wàá lọ.

Èkejì, kí á rán àwọn ọmọ lọ bá àwọn àgbà ilé wọn pé kí wọ́n sọ ìtàn ọjọ́ òkun fún wọn. Àwọn tó lọ sí Bar Beach nígbà náà ti ń di àgbàlagbà. Bí a kò bá gba ìtàn náà sílẹ̀ lẹ́nu wọn ní èdè Yorùbá, a ó máa kà á lọ́jọ́ iwájú nínú ìwé àwọn tó kọ́ ilé síbẹ̀.

Ẹ̀kẹta, kí àwa àti àwọn olùkọ́ ẹ̀kọ́ ìlera àti eré ìdárayá jọ fi ẹnu kò pé ọmọ tó bá jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ ní Èkó gbọ́dọ̀ mọ bí a ti ń léfòó. Bí kò bá sí odò ìwẹ̀ nílé-ẹ̀kọ́ náà, ó kéré tán kí ó mọ ẹ̀kọ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí mo ṣàlàyé lókè.

Ẹ̀kẹrin, kí á má ṣe tijú láti béèrè lọ́wọ́ ìjọba pé, nínú gbogbo etíkun ìpínlẹ̀ yìí, kí apá kan wà tí ẹnikẹ́ni lè wọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, pẹ̀lú àwọn òmùwẹ̀ tí yóò máa ṣọ́ omi. Ìjọba tó rí owó kọ́ ibùdókọ̀ ńlá sí Òṣòdì ní ọdún 2019 kò ní ṣàìrí ọkọ̀ tí yóò gbé àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ dé etí omi lẹ́ẹ̀kan lọ́dún.

Ìgúnlẹ̀

Bar Beach kò ní padà wá, ẹkún rẹ̀ kọ́ ni mò ń sun. Ilẹ̀ tí òkun ń jẹ láti ọgọ́rùn-ún ọdún kò lè wà bákan náà títí. Ohun tí mo rò pé a lè gbà padà ni ìmọ̀ tó wà láàárín àwa àti omi: ìmọ̀ orúkọ rẹ̀, ìmọ̀ ewu rẹ̀, àti ìdánilójú pé tiwa ni. Àwọn òbí wa tí wọ́n fi mólúè kó wa lọ kò kàwé púpọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n mọ̀ pé ọmọ Èkó tí kò bá mọ òkun kò tíì mọ ìlú rẹ̀ tán.

Òkun kì í hó ruru kí á wà á ruru. Ìkìlọ̀ ni òwe yìí jẹ́ pé kí á mọ ohun tí a ń kojú kí á tó fi ara sí i. Bẹ́ẹ̀, báwo ni ọmọ tí kò gbọ́ híhó òkun rí yóò ṣe mọ ohun tí à ń wí? Yóò kọ́ òwe náà sórí, yóò kọ ọ́ sínú ìwé ìdánwò, yóò sì gba máàkì. Ẹ jẹ́ kí á mú wọn dé ibẹ̀, kí òwe wa tó di àlọ́ létí wọn.